Láníyì Akínfẹ́mi àti Òkìkí Tó Ní S Nídìí

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ilé ìwòsàn Upenmen, abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni gbogbo agbègbè mọ Láníyì Akínfẹ́mi dáadáa. Wọn ò pè é kó wá sọ̀rọ̀ o. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ètò. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló jókòó sí lábẹ́ kánópì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Monica ìyàwó rẹ̀, ó fi fìlà lé orúnkún, ó ń fa omi inú ọ̀rá mu díẹ̀díẹ̀. Olóyè Babátọ́pẹ́, tó ti Àbújá wá, na ọwọ́, ó fa aṣọ tí wọ́n ta bo ara ògiri, òkúta mábù dúdú kan sì yọ, ó ń dán gbinrin. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbẹ́ sí i lára: A KUDO TO CHIEF BABATOPE. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Olóyè Babátọ́pẹ́ ni gbogbo òkìkí ilé náà tọ́ sí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Monica gbọ́ tí àga ọkọ rẹ̀ ké.

"Bàbá Jemimah," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ó ti pẹ́ jù. Láníyì ti dìde, ohùn rẹ̀ kò sì nílò máìkì.

"Alága, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà lára òkúta yẹn tí kò sí láyé."

Atọ́kùn ètò rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ rọ ọmọdé. "Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, Bàbá?"

"Kudo. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kudo. Kudos ló wà. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló ni ín. Òkìkí ni, ògo tí jagunjagun gbà bọ̀ láti ojú ogun. Ẹyọ kan ṣoṣo sì ni. S tẹ́ ẹ rí nídìí rẹ̀ yẹn, wọ́n bí i mọ́ ọn ni, bí wọ́n ṣe bí ìrù mọ́ ajá."

"Ṣùgbọ́n, Bàbá, ẹnì kan ṣoṣo là ń yìn. Ìyẹn la ṣe yọ S."

"Ó dáa. Tí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá ń bọ̀ láti Èmùrè-Ilé, ṣé bọ́ọ̀ lẹ máa wọ̀?"

Ẹ̀rín bú sẹ́yìn kánópì. Ọdẹ kan tó wá láti Imoru na ọwọ́ sókè, ó ní òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. "Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹran kan tí mo rí nínú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wí? Ó ní ìwo tó lọ́ báyìí, báyìí."

"Kudu nìyẹn," Láníyì dá a lóhùn. "Kudu wà, ẹran ìgbẹ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ẹran kan ta Olóyè lọ́rẹ, ẹ yí O yẹn padà sí U."

"Tó bá jẹ́ ẹran ni," ọdẹ náà wí, "èmi fara mọ́ ọn."

Kò sẹ́ni tó tún lè mú ètò náà tọ́ mọ́. Baálẹ̀ fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu, ejìká rẹ̀ sì ń mì. Olóyè Babátọ́pẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ta aṣọ bo òkúta padà, wọ́n sọ fún Àbúdùlàhí tó gbẹ́ ẹ pé kó tú u kúrò lára ògiri kí oòrùn tó wọ̀. Ó tú u, ó fi aṣọ náà wé e, kò sì ríbi gbé e sí ju orí bẹ́ẹ̀dì tuntun lọ. Òkúta mábù ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí ilé ìwòsàn Upenmen gbà wọlé.

Àwọn tí kò mọ Láníyì rí sọ lọ́jọ́ náà pé ìlara ló ń ṣe é. Monica mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ wọ ilé wọn, tó sì wọlé bí àgbákò.

Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbé nígbà náà. Láníyì jẹ́ akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba, Monica ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, oyún Jemimah sì wà nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fáìlì tí Láníyì tò padà dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá, wọ́n sì ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé: Kudos, Laniyi. Ó wò ó títí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ tí wọ́n ń fi pupa kọ ní ọ́fíìsì náà, kò sí èyí tó dáa. Ó mú un tọ mẹ́sẹ́ńjà àgbà lọ. Mẹ́sẹ́ńjà tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó mí kanlẹ̀.

"Eléyìí le ju kúẹ́rì lọ," ló wí. "Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kẹ́yìn, a ò rí i ní ọ́fíìsì yìí mọ́."

Ó gbàgbé láti sọ pé ìgbéga ni wọ́n fún onítọ̀hún, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Láníyì délé, ó jókòó sórí àga, kò lè jẹun. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Monica ò bá a jiyàn. Ó dìde tòun ti ikùn níwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò sínú agbọ̀n, ó ní kí àwọn tètè padà sí Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó lé àwọn jáde, nítorí ìtìjú wà nínú kí àwọn ará ilé máa wo ẹrù ẹni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Láníyì wọ kóòtù kan ṣoṣo tó ní, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ dákun, sà," ló wí. "Ẹ foríjì mí. Mi ò ní kudos mọ́ láyé mi."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi gbé omi wá fún un. Lẹ́yìn náà ló fà á dìde, ó ní ìyìn ni, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ dára ni. Láníyì rìn padà sílé láàárín ọ̀sán gangan, ó sì ya ilé ìtàwé. Kó tó ra aṣọ kan fún ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí, ó ra ìwé atúmọ̀ èdè tó tóbi bí òkúta ìdáná. Ó gbé e síwájú Monica, ojú rẹ̀ sì le bí ojú ẹni tó fẹ́ búra lójúbọ.

"Láti òní lọ," ló wí, "ọ̀rọ̀ kankan kò ní dẹ́rù bà mí mọ́ láìjẹ́ pé mo mọ bàbá tó bí i."

Ó mú ìbúra náà ṣẹ. Nígbà tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n padà sí Ọ̀wọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè wọ ilé wọn kó má jẹ́jọ́. Monica ń lọ sí ìjọ Kátólíìkì, Láníyì sì ń lọ sí Áńgílíkà, kò sì sí ìjà láàárín wọn lórí rẹ̀, àfi ti ọ̀rọ̀. Láníyì máa ń sọ fún un láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi pé Gíríìkì ni catholic, pé "ti gbogbo ayé" ló túmọ̀ sí, pé nítorí náà òun náà Kátólíìkì ni òun. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," Monica á dá a lóhùn, "ẹ múra ká jọ lọ sí Máàsì." Láníyì á sì rántí pé wọ́n ti ń dúró de òun ní Áńgílíkà.

Ní ọjà ńkọ́? Ìlú mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè ná ọjà bíi tirẹ̀, nítorí kì í ná ọjà, orúkọ ọjà ló máa ń ná. Ó lọ ra agboòrùn lọ́dọ̀ Ṣẹ̀fíátù tó ń tajà ní àárín ìgboro. Ṣẹ̀fíátù dá iye lé e. Láníyì ṣí agboòrùn náà, ó pa á dé, ó tún un ṣí.

"Àlàájà, ṣé ẹ mọ ohun tí umbrella túmọ̀ sí?"

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi, Bàbá."

"Látìn ni. Ibòji kékeré ni. Kékeré ni wọ́n wí o! Ẹ wá ń ta ibòji kékeré fún mi ní iye ibòji ìrókò."

Ṣẹ̀fíátù ò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń ká. "Bàbá, òjò ni mo ń ta tèmi fún. Mi ò mọ̀ nípa oòrùn."

Láníyì pa agboòrùn náà dé. Ó wo ojú ọ̀run, ó ṣú. Ó san owó náà bí wọ́n ṣe pè é, ó sì fi agboòrùn náà bo orí délé nínú òjò, inú rẹ̀ ń dùn. Títí ó fi kú, tí ẹnikẹ́ni bá ní kò sẹ́ni tó lè borí rẹ̀ nínú àríyànjiyàn, ó máa ń sọ pé irọ́ ni, pé obìnrin kan wà ní ọjà.

Ẹnìkejì tó tún máa ń bá a wọ̀yá ìjà ni Olúgbádé, Pírínsípà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ àìmọye ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n jọ dàgbà ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Láníyì láti mu tíì, kì í sì í mu ún tán kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Monica á wà nídìí fèrèsé, á máa ṣa ẹ̀wà, á ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́.

Olúgbádé yìí ni Olóyè Babátọ́pẹ́ sáré tọ̀ lọ lẹ́yìn ọjọ́ Upenmen, nítorí òun ló kọ́ ọ níléèwé. Ó ní kí Pírínsípà bá òun wádìí ọ̀rọ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ pé kudo wà nínú ìwé, wọ́n á gbé òkúta náà padà sára ògiri, Láníyì á sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Olúgbádé wọlé, ìwé atúmọ̀ èdè tuntun kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, èyí tí Gbọ́lá ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Kò jókòó. Kò béèrè tíì.

"Láníyì, ka ibí yìí."

Láníyì gba ìwé náà. Monica, nídìí fèrèsé, rí i tí ètè ọkọ rẹ̀ ń mì, tí ó sì dúró. Kudo wà níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní dúdú kirikiri, kò fara pamọ́. Monica ti rí ọkọ rẹ̀ nínú àìsàn, ó ti rí i níbi òkú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí i kí ojú rẹ̀ rí báyẹn rí. Ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ka ìlà tó tẹ̀ lé e," ni Láníyì wí níkẹyìn.

Olúgbádé kà á. Ìwé náà ní àwọn èèyàn ló rò pé ọ̀pọ̀ ni kudos, tí wọ́n fi gé S rẹ̀ kúrò.

"Àṣìṣe ló bí i," Láníyì wí.

"Ọmọ tí àṣìṣe bí náà, ọmọ ni," Olúgbádé dá a lóhùn. "Ó ti wọ ìwé. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ."

"Mo gbà. Ọmọ ni. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga bàbá rẹ̀."

Olúgbádé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Láníyì, fi àwàdà sílẹ̀. O ti pàdánù. Olóyè á gbé òkúta rẹ̀ padà."

Láníyì pa ìwé náà dé, ó sì fi ọwọ́ lé e. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nísinsìnyí.

"Olúgbádé, kí S wà, kí S má wà, ta ni àwọn ará Gíríìsì ń fún ní nǹkan yẹn? Ẹni tó lọ sójú ogun ni. Èwo nínú ogun Upenmen ni Babátọ́pẹ́ jà? O mọ̀ pé inú yàrá àyágbé ni Monica ti ń gbẹ̀bí níbẹ̀ nígbà tí ìjọba rán an wá láti Àkúrẹ́. Òjò ń jò sórí aboyún, àwọn obìnrin á sì máa di abọ́ mú yí i ká. Àwọn obìnrin náà ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ru yanrìn láti etí odò. Wọ́n pọn omi. Àwọn ọkùnrin yọ búlọ́ọ̀kù ní gbogbo Sátidé. Bí ògiri ṣe dé ibi òrùlé ni owó tán, Babátọ́pẹ́ sì ra páànù. Ó ṣeun, kí Ọlọ́run bù kún un. Ṣùgbọ́n òkúta tó sọ pé òun ló kọ́ ilé, ṣé kì í ṣe pé a sọ òkìkí ọmọ ogun di ti ẹni tó ta fìlà fún wọn?"

Olúgbádé wo ojú fèrèsé. Monica rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà? Gírámà lo ń sọ!"

"Bí mo bá sọ pé olówó gba ògo tálákà, wọ́n á ní ọ̀tá ni mí, ìjà á dé, ẹnì kan á sì fi orí fọ́ ìgò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní S ò sí níbẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á rín, wọ́n á sì tú òkúta kúrò."

Monica, tó ti jókòó ti ọkọ rẹ̀ láti ìgbà èwe, ò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó kàn gbé kẹ́tùlù kaná lẹ́ẹ̀kejì. Olúgbádé jókòó lọ́jọ́ náà, ó sì mu tíì tán.

Olóyè Babátọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Monica ti múra sílẹ̀ de ariwo, ó ti kó àwọn ife tó dára kúrò. Ọkùnrin náà wọlé, ó ga, agbádá rẹ̀ ń gbá ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn mi."

"Ẹ má bínú, Olóyè. Ẹ jókòó. Páànù tẹ́ ẹ rà yẹn, òótọ́ ni pé ó nípọn?"

Babátọ́pẹ́ ò retí ìbéèrè yẹn. "Páànù wo? Àh, ó nípọn dáadáa. Èmi ni mo lọ yàn án fúnra mi. Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀yà jẹ́lẹ́ńkẹ́ yẹn fún mi."

"Ṣé kì í jò?"

"Kó jò kẹ̀! Kó jò báwo?"

"Ẹ wò ó, Olóyè. Aboyún á dùbúlẹ̀ níbẹ̀, òjò á máa kù gìrìgìrì lókè, kò sì ní kàn án. Á bojú wòkè. Ta ni ẹ rò pé á gbàdúrà fún? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri níta, tàbí ẹni tí páànù rẹ̀ wà lókè orí rẹ̀?"

Babátọ́pẹ́ náà bojú wòkè. Ó fọwọ́ gbá agbádá rẹ̀ sórí ejìká, ó tún gbá a. "Ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé páànù ni mo rà?"

"Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Páànù orí ilé yìí, Babátọ́pẹ́ ló rà á, ó nípọn."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ jáde ní imú Olóyè, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí ẹnu. Ó ní bàbá òun gan-an, àgbẹ̀ ni, tó bá sì gbọ́ níbi tó wà pé ọmọ òun gba ìyìn ilé tí kò kọ́, á kọ̀ jálẹ̀. Monica yára gbé àwọn ife tó dára jáde padà.

Bí iṣẹ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ Àbúdùlàhí nìyẹn. Ìṣòro kan tún yọjú: wọ́n tún ní kí Láníyì wí ohun tí wọ́n á kọ, ó sì ní Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Olúgbádé fo sókè. "Ìwọ! Ìwọ tó o fi kudos dààmú gbogbo Ọ̀wọ̀!" Láníyì ní àwọn tó ru yanrìn kò ru ú ní Gíríìkì. Àbúdùlàhí gbẹ́ orúkọ àwọn tó ru yanrìn, òkúta kún. Ó mú èkejì fún àwọn tó pọn omi, òun náà kún. Àwọn tó yọ búlọ́ọ̀kù gba ẹ̀kẹta, ó sì kọ páànù Olóyè sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi parí, orúkọ tó wà lára ògiri ilé ìwòsàn Upenmen pọ̀ ju oògùn tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìṣí kejì dé. Kò sí kánópì, ibòji igi ọsàn ni wọ́n jókòó sí. Baálẹ̀ wá, Olóyè wá, ọdẹ Imoru yẹn náà wá, ó ní òun wá wò bóyá ẹran ti dé. Láníyì ni wọ́n ní kó ka orúkọ náà sókè. Ó wọ kóòtù, ó sì ń ka orúkọ lọ, ó ń fi ohùn gbé olúkúlùkù bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun sókè. Bó ti ń pe orúkọ kan, ẹni tó ni ín á dìde, àwọn èèyàn á hó. Ìyá arúgbó kan dìde lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó dùn mọ́ ọn.

Ó dé òkúta tó kẹ́yìn. Ó ka páànù Olóyè. Olóyè dìde, ó yí agbádá po, wọ́n hó fún un ju bí wọ́n ṣe hó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Láníyì wá rí i pé ìlà kan ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, tí òun ò sọ fún Àbúdùlàhí kó kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti rí i dáadáa.

Tẹniọlá, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin, ni ó ṣe é. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá Àbúdùlàhí ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Láníyì. "Bàbá ní òun ò lè fi ìyàwó òun sí i, pé àwọn èèyàn á ní òun ń yin ara òun," ló ṣàlàyé lẹ́yìn náà. "A ní ẹ̀yin kọ́ lẹ ń yìn ín. Àwa tí ó gbẹ̀bí wa ni."

Láníyì la ẹnu láti ka ìlà náà. Ohùn kò jáde. Ọkùnrin tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá láti Gíríìsì títí dé Látìn dúró níwájú ògiri, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n. Tẹniọlá ló dìde, tó kà á fún un: Nọ́ọ̀sì Monica Akínfẹ́mi, tó gba ọmọ wa lójú òjò.

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin gbé Monica sókè tọ̀ọ́, bàtà rẹ̀ kan bọ́. Láti òkè ibẹ̀ ló ti rí ọkọ rẹ̀ tó ṣì dúró síbẹ̀ láìlè sọ̀rọ̀, ló bá ké sí i pé: "Bàbá Jemimah, ẹ wá ọ̀rọ̀ kan wí o! Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo!"

Láníyì lo ọdún díẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ sì le. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó mu tíì rẹ̀, ó ní oorun díẹ̀ ń kun òun, ó faratì lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì jí mọ́. Ìjọ Áńgílíkà kún lọ́jọ́ ìsìnkú. Olóyè Babátọ́pẹ́ wà lára àwọn tó gbé pósí. Ẹni tó wàásù mọ òkú tó wà níwájú rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó le, á dúró, á wo pósí náà díẹ̀, á sì lo Yorùbá.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò tú ká, tí Jemimah náà padà síbi iṣẹ́, ilé dákẹ́. Olúgbádé ò yéé wá ní ìrọ̀lẹ́. Monica á gbé tíì fún un, wọ́n á jókòó, ó di kí wọ́n máa wo àwọn tó ń kọjá lójú títì. Ó ń mu tíì tán báyìí kíákíá, kò sí ohun tó ń dá a dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Olúgbádé tún ọ̀fun ṣe.

"Ìyá Jemimah, mo ń rò ó lónìí. Fame yìí, òkìkí. Ó dá mi lójú pé ara family ni wọ́n ti mú un jáde. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá pọ̀ ni òkìkí rẹ̀ ń kàn."

Ó sọ ọ́ tán, ó sì dúró, ó yí ojú díẹ̀ sí àga tó ṣófo. Ẹyẹ kan ń ké lórí igi. Kò sẹ́ni tó bú u.

"Irọ́ gbáà," Monica wí.

Olúgbádé yíjú sí i.

"Wọn ò tan mọ́ra wọn rárá," Monica ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ti gbé ife sílẹ̀. "Látìn ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìdílé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Family, àwọn ẹrú inú ilé ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí. Ẹni tó bá sì gbé lọ́dọ̀ Láníyì rí á mọ̀ pé òótọ́ ni. Fame ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa èèyàn. Pírínsípà odindi! Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe kọ́ àwọn ọmọ wa?"

Tíì dà láti inú ife Olúgbádé sínú àwo. "Ẹ̀yin ni... ṣebí ẹ̀wà lẹ máa ń ṣà!"

"Ẹ̀wà kì í di etí."

Olúgbádé bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí tó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ tó ń nù ún. Monica náà rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ gba ife rẹ̀ láti bu òmíràn sí i.

"Ẹ sọ òmíràn," ló wí. "Ẹ ṣì í sọ dáadáa."